Olùkọ́ àkànṣe fún iṣẹ́ ọnà, eré ìdárayá àti èdè adití: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí, Ìbàdàn

Mo kí gbogbo ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí a jọ ń pàdé níbí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń lọ ti pinnu láti gba olùkọ́ àkànṣe mẹ́ta ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀: ọ̀kan fún iṣẹ́ ọnà, ọ̀kan fún eré ìdárayá, ọ̀kan fún èdè tí àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ. Àwọn ìbejì kan tó jẹ́ adití ló mú ọ̀rọ̀ èdè yìí wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ kíláàsì kejì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti máa ń pagbo yí wọn ká ní àkókò ìsinmi bí ẹni ń wòran onídán, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, títí kan àwọn olùkọ́, tó mọ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá òùngbẹ ń gbẹ wọ́n.

Owó tí ẹgbẹ́ òbí rí kó jọ kò ju kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan máa wá ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Àwọn òbí kan ní kí a yọ èdè adití kúrò kí a fi owó rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn ní eré ìdárayá kì í ṣe ohun tí à ń sanwó fún nígbà tí àwọn ọmọ kò ṣíwọ́ eré nílé. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ohun tí ẹ ti fojú ara yín rí fún mi: irú ẹni wo ni kí a gbà, báwo ni kí a ṣe pín àkókò, ọ̀fìn wo sì ni kí a yà fún?

Ìyá Aláró, Abẹ́òkúta

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ọnà ni mo fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ àwọn ọmọdé kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó dúró sí. Iṣẹ́ ọnà àti àṣà ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba tipẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo sábà máa ń bá ní kíláàsì ni kí olùkọ́ ya èso ápù sójú pátákó, kí ogójì ọmọ tí kò jẹ ápù rí sì máa dà á kọ sínú ìwé. Bí ẹ bá ń yan olùkọ́ àkànṣe, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ohun tó lè fi àwọn nǹkan tó wà ní àyíká ilé-ìwé ṣe. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọ̀dà olówó gọbọi tí ẹ gbọ́dọ̀ rà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni èmi máa fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó fi láfún àti álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ rẹ̀ títí yóò fi ki, ọmọ kọ̀ọ̀kan a sì mú ìyẹ́ adìẹ kan àti aṣọ funfun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìlà lásán ni wọn yóò máa fà, nítorí pé ọwọ́ ọmọdé máa ń wúwo, bí ó bá sì tẹ ìyẹ́ náà jù, ẹ̀kọ a tàn kálẹ̀ kọjá ibi tó fẹ́. Nígbà tí ọwọ́ bá ti rọ̀ ni wọ́n tó lè ya ẹja, ẹyẹ tàbí agbòòrùn. Bí ẹ̀kọ náà bá gbẹ lójú oòrùn, a ó ki aṣọ bọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró, a ó wá ha ẹ̀kọ náà kúrò níkẹyìn. Ọmọ kan wà tó bú sẹ́kún nígbà tí aṣọ rẹ̀ wọ inú aró, tó ní aró ti gbé ẹyẹ òun mì. Ìgbà tí a ha ẹ̀kọ rẹ̀ tí ẹyẹ náà yọ ní funfun láàrin dúdú, igbe tó ké mú kí ọ̀gá ilé-ìwé sáré jáde láti ọ́fíìsì.

Ẹ ṣọ́ra níbí yìí o. Èlú nìkan kọ́ ló wà nínú aró òde òní. Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì máa ń bó ènìyàn lára. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tí wọ́n gbà láti wá kọ́ni fi korobá aró sílẹ̀ láìdé e, ọmọ ọdún méje kan sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ilé ìwòsàn ni a bá ọjọ́ náà lọ. Kí àwọn ọmọ ya ọnà, kí àgbàlagbà tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà bá wọn rẹ aṣọ láró. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé olùkọ́ kíláàsì wọn kò sí nítòsí: ó ti lọ máàkì ìwé, nítorí ó gbà pé àkókò olùkọ́ àkànṣe ni àkókò ìsinmi tòun.

Bàbá Ìdòwú, Òṣogbo

Ẹ má bínú sí mi, ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí ní lọ́kàn tí wọn kò fẹ́ sọ síta. Ọmọbìnrin mi ti ń kọ́ èdè ọwọ́ yìí ní ilé-ìwé rẹ̀ láti sáà méjì sẹ́yìn, mo sì rí i pé ó ti ń wo ojú àgbà kòrókòró bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ a ti kọ́ ọ kí ó máa wolẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó na ìka márààrún sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lójú, ìyẹn fi igbe bọnu pé ó bú ìyá òun, èyí tèmi sì ń búra pé iye márùn-ún ni òun ń kà. Ṣé a kò ní fi èdè yìí ba ẹ̀kọ́ ilé jẹ́?

Olùkọ́ Adití, Ọ̀yọ́

Bàbá Ìdòwú, ìbéèrè yín tọ́, n ó sì dáhùn rẹ̀ kí n tó dé orí ti Akọ̀wé. Adití ni mí láti ọmọ ọdún mẹ́rin, àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn àti àwọn tí kò gbọ́ràn ni mo sì ń kọ́.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Fún àwa, bí ó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí mo bá gbé irun òkè ojú mi sókè nígbà tí mo ń fi ọwọ́ béèrè nǹkan, ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ń retí. Bí mo bá fà á wálẹ̀, mò ń béèrè pé ta ni, níbo ni, tàbí kí ló dé. Iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ tiyín ni ojú ń ṣe nínú tiwa: bí ẹ bá yọ ohùn kúrò lórí ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ, ẹ kò ní mọ̀ bóyá irin iṣẹ́ ni ẹni náà ń wá, tàbí ohun tí yóò gbé e relé, tàbí ẹni tí yóò fẹ́ ẹ. Ọmọ tó bá wolẹ̀ níwájú adití ti di etí ara rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí àgbà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé, kí wọ́n wá gbé ojú sókè kí ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Níwájú àgbà tó ń gbọ́ràn, kí wọ́n ṣe bí ilé ṣe wí. Kò pẹ́ kí ọmọdé tó mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ní ti ìka márààrún, ẹni tó kọ́ ọmọ yín ni kò kọ́ ọ délẹ̀. Bí a bá ń kà láti ení dé àrún, àtẹ́lẹwọ́ wa máa ń kọjú sí àyà ẹni tó ń kà á, ẹ̀yìn ọwọ́ sì ni ẹni tó dúró níwájú yóò rí. Orí ẹ̀fà ni a tó yí àtẹ́lẹwọ́ síta. Ọmọ yín yí i síta ṣáájú àkókò, ó sì bọ́ sórí èébú tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀. Ẹni tó bá fi ìwé àwòrán nìkan kọ́ èdè yìí kò ní rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ títí ìjà yóò fi dé, ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín, Akọ̀wé, pé kí olùkọ́ èdè tí ẹ ó gbà jẹ́ adití fúnra rẹ̀, tàbí, bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ẹni tó ti gbé láàrin wa pẹ́.

Ẹ kò ní láti rìn jìnnà kí ẹ tó rí i. Ara èdè adití ti Amẹ́ríkà ni èyí tí à ń lò ní àwọn ilé-ìwé wa ti jáde, Andrew Foster ló sì gbé e wá sí ìhà ibí. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, òun náà sì jẹ́ adití. Òun ni adití aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954. Ó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ghana ní 1957, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn tiyín yẹn ní 1960. Láti ìgbà náà ni àwọn tó mọ èdè yìí dunjú ti wà ní ìlú yín, láti ìran dé ìran. Ẹ béèrè ní ẹgbẹ́ àwọn adití, ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti ń túmọ̀ ìwàásù fún wa, àti ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ níbí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977. Ẹ má ṣe ní fídíò Amẹ́ríkà orí YouTube yóò rọ́pò ènìyàn, nítorí pé a ti dá àmì tiwa sílẹ̀ fún oúnjẹ, ìlú àti àṣà tí Amẹ́ríkà kò ní.

Ẹ ka òfin fún àwọn tó ní kí ẹ fi owó náà ra kọ̀ǹpútà. Òfin tó ka fífi ìyà ìyàsọ́tọ̀ jẹ àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019, sọ pé kí èdè adití àti ìwé kíkà àwọn afọ́jú wà lára ètò ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Òfin yìí kan náà ní kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ títọ́jú irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn òbí pẹ̀lú pé adití ni kí wọ́n máa pè wá; odi kọ́ ni wá, ọ̀rọ̀ kún ọwọ́ wa.

Ọ̀fìn tí ẹ ó yà fún ni ọjọ́ ayẹyẹ. Mo ti jókòó níbi ayẹyẹ ìparí ọdún kan tí ọgbọ̀n ọmọ ti fi ọwọ́ kọ orin orílẹ̀-èdè láìṣi ẹyọ kan, tí àwọn òbí ń ya fọ́tò, tí omijé ń dà lójú àwọn mìíràn. Nígbà tí mo bá wọn lẹ́yìn pèpéle tí mo sì béèrè orúkọ ọ̀kan nínú wọn, olùkọ́ rẹ̀ ni ọmọ náà yíjú sí. Orin náà ni wọ́n fi gbogbo sáà kọ́. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sí lílò lójoojúmọ́: orúkọ mi ni, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń dùn mí, dúró, ó kàn ẹ́, má bínú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ìbejì yẹn lè kọ́ méjì lónìí kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni. Ìka mẹ́ta tí a nà sókè, tí a fi kan àgbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, omi nìyẹn. Ọwọ́ tí a di ní ìkúùkù, tí a fi yí ojú àyà po, má bínú nìyẹn.

Bàbá Ìdòwú, Òṣogbo

Olùkọ́, mo dúpẹ́. Ó ti yí àtẹ́lẹwọ́ padà, àwọn méjèèjì sì ti jọ ń kà á báyìí.

Kóòṣì Pápá, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn. Àwọn tó ní ọmọ ń ṣeré nílé kò parọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sá kiri kò tíì kọ́ bí a ṣe ń sáré. Mo ń wo bí ó ṣe ń ju apá, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń balẹ̀, bí ó ṣe ń dúró láìṣubú. Ojú tó mọ ohun tó ń wò ni ẹ ń sanwó fún. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ẹni tó bá ń kánjú. Láti ìgbà tí Tobi Amusan, ọmọ ìlú wa níbí, ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sáré ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní 2022 nínú eré onígi-fífò ọgọ́rùn-ún mítà, ni àwọn òbí ti ń ní kí n gbé igi fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Igi tí àwọn obìnrin ń fò nínú eré yẹn ga tó sẹ̀ǹtímítà 84, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà ọmọ bẹ́ẹ̀! Páálí núdù tí a tẹ́ sílẹ̀ ni mo ń lò, kò kọjá ojúgun, bí wọ́n bá sì gbá a, kò sí ẹni tí yóò ṣèṣe.

Ẹ fi eré ìdárayá sí òwúrọ̀ kí oòrùn tó le. Ẹ má sì jẹ́ kí ìdíje ilé-sí-ilé gbé gbogbo sáà kejì mì, nítorí pé àwọn méjìlá tó yára jù ni yóò máa sáré, àwọn yòókù yóò sì máa pàtẹ́wọ́ lábẹ́ igi. Bí mo bá lọ wo iṣẹ́ olùkọ́ mìíràn, ọmọ tó ń sá kẹ́yìn ni mo máa ń wò: nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú mélòó ló fi mira?

Ohun tí Olùkọ́ Ọ̀yọ́ kọ mú mi rántí àṣìṣe tèmi. Mo ní ọmọ adití kan ní pápá rí, mo sì ń fun fèrè, mo ń bínú pé kò dúró. Bẹ́ẹ̀ ìdíje àgbáyé àwọn adití ti wà láti 1924, tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Paris. Iná ni wọ́n ń tàn fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ eré sísá, rẹfirí bọ́ọ̀lù wọn sì máa ń ju àsíá. Mo ra àsíá pupa méjì ní ọjọ́ kejì, owó rẹ̀ kò tó ti bọ́ọ̀lù kan. Àǹfààní tí n kò retí ni pé àwọn tó ń gbọ́ràn náà ń tètè dúró, nítorí wọ́n ní láti máa wò mí. Akọ̀wé, bí ó bá lè ṣeé ṣe, ẹ mú olùkọ́ eré àti olùkọ́ èdè wá ní ọjọ́ kan náà. Lórí pápá ni ọmọdé ti máa ń lo dúró, yí padà, ó kàn ẹ́, lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ogún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́.

Ìyá Ẹ̀kọ́, Peckham

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará ilé. Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí Ìyá Aláró sọ nípa olùkọ́ kíláàsì tó sá lọ ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Láti 2013 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní England ní owó eré ìdárayá lọ́dọọdún. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, èyí tí wọ́n fún ilé-ìwé tó ní ju ọmọ mẹ́rìndínlógún lọ jẹ́ £16,000, pẹ̀lú £10 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún gbọ́ létí, àbí? Síbẹ̀ ìlànà rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi owó náà gba kóòṣì tí yóò kàn di àyè olùkọ́ mú nígbà tí olùkọ́ bá ń palẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ní ilé-ìwé kan tí mo wà, kóòṣì dáńtọ́ kan wá fún ọdún méjì, àwa tó yẹ kí a máa wo ọwọ́ rẹ̀ ń mu tíì. Nígbà tí ó rí iṣẹ́ mìíràn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè darí ọmọ ọgbọ̀n ní pápá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé olùkọ́ kíláàsì yóò wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé bí sáà bá fi máa parí, olùkọ́ kíláàsì ni yóò máa darí ìdajì ẹ̀kọ́ náà, olùkọ́ àkànṣe yóò sì máa ṣọ́ ọ.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú pé kí wọ́n má fi fídíò èdè adití ti Ìlú Ọba ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ náà lórí WhatsApp. Òfin 2022 ti fún èdè yẹn ní ipò tó tọ́ sí i níbí, ó sì dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń ka álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ni ẹ̀yin ń lò. Ẹ ó kàn da ọmọ rú ni.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí, Ìbàdàn

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ ọ̀gá àgbà àti àwọn ìgbìmọ̀. Olùkọ́ èdè àti kóòṣì yóò máa wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti aago mẹ́jọ àárọ̀; iṣẹ́ ọnà yóò wà ní Ọjọ́bọ̀. Dípò wákàtí kan gbáko fún kíláàsì kan, ogún ìṣẹ́jú ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò ní fún èdè kí wọ́n tó bọ́ sí pápá, olùkọ́ èdè yóò sì tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ kíláàsì ti wọ inú àdéhùn. Méjì nínú wọn kùn, ọ̀gá àgbà sì fún wọn ní wákàtí mìíràn láti fi máàkì ìwé. A ti rí obìnrin adití kan tó ń kọ́ni ní àdúgbò kejì sí wa, òun ni ọ̀gá àgbà yóò pè ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ìbéèrè kan ló kù fún Olùkọ́ Ọ̀yọ́. Yàrá kan ṣoṣo ni a ní, fèrèsé ńlá wà lẹ́yìn ibi tí olùkọ́ máa ń dúró sí, àwọn àga sì wà ní ìlà ní ìlà. Iná kì í sì í sábà sí. Kí ni kí a tún ṣe?

Olùkọ́ Adití, Ọ̀yọ́

Ẹ yí gbogbo yàrá náà po. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn olùkọ́, òjìji rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ yóò máa rí. Kí ó kọjú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i lójú àti lọ́wọ́. Ẹ to àga ní ìlàjì òbìrípo kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè rí ọwọ́ àwọn yòókù, kí àwọn ìbejì sì jókòó sí igun méjèèjì kí wọ́n lè máa rí ara wọn. Ìlú tí iná kì í lọ ni wọ́n ti ń tan iná tí wọ́n ń pa á láti fi pe adití. Ẹ̀yin ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì pákó, yóò dé apá ẹni tó bá fi ọwọ́ lé e, bí ó bá sì jìnnà, ẹ ju ọwọ́ sí i tàbí kí ẹ fọwọ́ kàn án léjìká.

Ẹ sọ fún obìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó ti mọ̀, kí ó wọ aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo tó yàtọ̀ sí àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé ọnà ara àǹkárá máa ń rẹ ojú ẹni tó ń wo ọwọ́. Adìrẹ Ìyá Aláró, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó, kí ó dúró di Ọjọ́bọ̀.